Adéoyè Lámbò: Dókítà Tó Ní Kí Ará Ilé Bá Aláìsàn Wá

  Bí a bá pàdé báyìí, ohun tí a sábà máa ń ṣe ni ká máa ka ìròyìn ara wa: lágbájá ti di adájọ́, tàmẹ̀dù wà ní Lọ́ńdọ̀nù, lákáṣègbè ti kọ́ ilé kejì. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká máa yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè: ẹni tí ẹ kò gbúròó rẹ̀ mọ́ láti ọdún tí a ti jáde ńkọ́? Ẹni tí kò tilẹ̀ bá wa parí ńkọ́?

Ẹ̀yin tí a jọ wà ní kíláàsì, ẹ máa rántí ẹnì kan. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí kò rán mi níṣẹ́. Ọmọ tó mọ̀wé ni. Nígbà tó ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ká jókòó ìdánwò àṣekágbá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé nǹkan ń rìn lórí òun bí ìgbà tí èèrà bá ń tò lọ. Ó ní orí òun ń gbóná. Ó ní bí òun bá ṣí ìwé, ojú òun á ṣú, ohun tí òun ti kà lẹ́ẹ̀mẹ́ta kò ní dúró. Kí la ṣe? A fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn kan ní ó ti kàwé kọjá ibi tó yẹ kó dúró. Àwọn kan ní láti ilé ni wọ́n ti ń ṣe é. Èmi tí mò ń kọ èyí, bẹ́ẹ̀dì mi ló tẹ̀lé tirẹ̀, èmi náà ni mo sì fún un ní orúkọ ìnagijẹ kan tó mú gbogbo hóstẹ́lì rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan bàbá rẹ̀ dé, ó bá a di àpótí, wọ́n sì lọ. Kò padà wá mọ́.

Ìgbà tí mo dàgbà, tí mo wá ka ìtàn ìgbé ayé dókítà kan, ni mo tó mọ̀ pé ohun tó ṣe ọmọ yẹn ní orúkọ. Àwọn dókítà ti kọ nípa rẹ̀ láti ọdún 1960, ibi tí ìwé náà sì ti wá kò jìnnà sí wa rárá. Aró ni, ní Abẹ́òkúta. Bẹ́ẹ̀ ni, Aró kan náà tí a fi ń bú ara wa, tí a máa ń sọ fún ọmọ tó bá ń ṣe ìṣekúṣe pé ibẹ̀ ló ti sá wá. Dókítà tí mò ń wí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lámbò. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti papòdà. Ẹ fún mi láàyè kí n sọ ìtàn rẹ̀, torí ó kan gbogbo àwa tí a jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà rí.

ỌMỌ Ẹ̀GBÁ TÓ LỌ SÍ BIRMINGHAM

Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹta, ọdún 1923. Baptist Boys' High School tó wà nínú ìlú náà ló ti ka ìwé girama rẹ̀, láti 1935 sí 1940. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ tíṣà mọ ohun tí àwọn ọdún yẹn jẹ́. Ilé-ìwé girama kò pọ̀. Ọmọ tó bá rí ibẹ̀ wọ̀, gbogbo ẹbí ló bá a wọ̀ ọ́. Láti ibẹ̀ ó gba ìlú Òyìnbó lọ, ó sì kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Birmingham. Ní 1945, ọdún tí Ogun Àgbáyé Kejì parí, ó fẹ́ ọmọbìnrin Òyìnbó kan, Dinah Adams, níyàwó. Ní 1948 ó gboyè dókítà.

Ó padà wálé ní 1950, ó bá ìjọba ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ ní Èkó àti lókè Ọya. Lẹ́yìn náà ló tún gba Lọ́ńdọ̀nù lọ láti kọ́ nípa àrùn ọpọlọ ní Maudsley. Ẹ rò ó wò ná. Lásìkò tí gbogbo òbí ń fẹ́ kí ọmọ wọn di dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ, tó ń gbẹ̀bí, ọkùnrin yìí lọ mú ìtọ́jú wèrè láàyò! Ẹ mọ ohun tí àwọn ará ilé á máa sọ lábẹ́lẹ̀. Síbẹ̀ òun ni wọ́n sábà máa ń kà sí ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó kọ́ iṣẹ́ yìí dé ojú àmì lọ́dọ̀ Òyìnbó.

BÍ Ọ̀RỌ̀ ṢE RÍ KÓ TÓ DÉ

Kí Lámbò tó dé, ibo la ń kó àwọn tí orí wọn dàrú lọ? Ìjọba Òyìnbó ṣí ilé kan fún wọn ní Calabar ní 1904, wọ́n tún ṣí òmíràn ní Yábà ní 1907. Ní 1944, nígbà ogun, wọ́n sọ ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ kan ní Láńtòrò, Abẹ́òkúta, di ibi tí wọ́n ń kó àwọn sójà tí ọpọlọ wọn dàrú sí. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa jẹ: ibi ìpamọ́ ni wọ́n jù, ìwòsàn ibẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀, ojú ayé ti fò ó nìyẹn. Nílé tiwa náà ńkọ́? Ẹ mọ̀ ọ́n. Ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ lẹ́sẹ̀, ẹgba lẹ́yìn. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tán: wèrè dùn-ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ.

Àwọn Òyìnbó kan sì ní èrò tiwọn. Ní 1953, dókítà kan tó ti ṣiṣẹ́ ní Kenya, J. C. Carothers, kọ ìwé kan tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ̀ jáde. Nínú rẹ̀ ó fi ọmọ Áfíríkà wé Òyìnbó tí wọ́n ti fi abẹ gé lára ọpọlọ rẹ̀. Ó tún ní ìbànújẹ́ tó ń wọra di àìsàn kò wọ́pọ̀ láàrin wa, bí ẹni pé a kì í da ọ̀rọ̀ rò dé bẹ́ẹ̀.

Ṣé ẹ rí ibi tí èyí lè bá akẹ́kọ̀ọ́ já sí? Bí ọmọ dúdú bá jókòó ti ìwé tó ń sunkún, ẹni tó gba irú ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ á sọ pé kì í ṣe ìbànújẹ́ ló ń dà á láàmú, á ní orí rẹ̀ ni kò gba ìwé. Èrò yìí ni Lámbò fi ọ̀pọ̀ ọdún bá jà. Kò sì fi ẹnu nìkan jà á. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló fi jà á.

ABÚLÉ TÓ DI WỌ́Ọ̀DÙ

Ní 1954 Lámbò di olórí ilé ìwòsàn tuntun tí ìjọba ń kọ́ sí Aró. Ó dé, ó bá ilé tí wọn kò tíì kọ́ tán. Ẹlòmíràn ì bá jókòó máa retí kọ́ńtírákítọ̀. Lámbò kò dúró. Ó wo àwọn abúlé àgbẹ̀ tó yí Aró ká, ó lọ bá àwọn baálé ibẹ̀, ó sì bá wọn ṣàdéhùn pé kí wọ́n fi yàrá háyà fún àwọn aláìsàn òun.

Ó wá fi òfin kan lélẹ̀: aláìsàn kan kò gbọdọ̀ dá wá. Ó kéré tán, ará ilé rẹ̀ kan, ìyá ni o, ẹ̀gbọ́n ni o, gbọ́dọ̀ bá a wá. Ẹni náà ni yóò máa dáná fún un, tí yóò máa fọ aṣọ rẹ̀, tí yóò máa mú un wá sọ́dọ̀ dókítà láàárọ̀, tí wọn á sì jọ padà sí abúlé lọ́sàn-án. Oògùn Òyìnbó wà, abẹ́rẹ́ wà, iná mànàmáná tí wọ́n fi ń tọ́jú ọpọlọ náà wà. Ṣùgbọ́n bí aláìsàn bá ti kúrò níwájú dókítà, àárín èèyàn ló ń padà sí. Ó ń jẹ oúnjẹ tó mọ̀, ó ń gbọ́ èdè tó mọ̀, ó ń bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ abúlé. Àwọn ará abúlé náà kò pàdánù. Owó ilé ń wọlé fún wọn, ilé ìwòsàn sì bá wọn rí sí ọ̀rọ̀ omi, ṣáláńgá àti ẹ̀fọn.

Ó tún ṣe ohun kan tó mú àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ ya ẹnu. Ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ pé kí wọ́n wá bá òun ṣiṣẹ́. Kì í ṣe pé gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe ló dára lójú rẹ̀ o. Ohun tó rí ni pé èdè tí aláìsàn fi ń sọ ìrora rẹ̀ yé wọn, wọ́n sì mọ ohun tó ń dẹ́rù bà á. Dókítà tó gbọ́n kò ní fi irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣòfò.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1961, àwọn dókítà ọpọlọ láti ilẹ̀ Áfíríkà àti láti òkè òkun péjọ sí Abẹ́òkúta fún ìpàdé gbogbo Áfíríkà àkọ́kọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Abẹ́òkúta tiwa! Àwọn Òyìnbó tó ní a kò ní ọpọlọ pípé wá ń bọ̀ wá wo bí a ṣe ń wo ọpọlọ sàn.

ÀWỌN ỌMỌ TÍ ÌWÉ DÁ LÁGARA

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wàyí. Ní àwọn ọdún 1950, àwọn ọmọ wa ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ìlú Òyìnbó lọ́pọ̀lọpọ̀. Ìlú dáwó fún òmíràn, bàbá òmíràn ta ilẹ̀. Wọ́n ṣe pátì, wọ́n ya fọ́tò, ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ sìn wọ́n dé èbúté. Ṣùgbọ́n ìlú òtútù kò mọ ẹni tí wọ́n sìn wá. Yàrá ṣòroó rí háyà. Àwọn onílé kan ń kọ ọ́ sára fèrèsé pé àwọn kò gba aláwọ̀ dúdú. Lákòókò òtútù, ilẹ̀ kì í tètè mọ́, kò sì ní pẹ́ ṣú. Owó ilé ń pẹ́ lọ́nà. Lẹ́tà tó ń ti ilé bọ̀, lẹ́yìn tó bá ti kí wọn tán, ohun kan ló ń béèrè: ìgbà tí ìwé máa parí. Ọmọ tó bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò, ta ni ó fẹ́ sọ fún? Ṣé gbogbo ìlú tó dáwó ni?

Orí àwọn kan nínú wọn dàrú. Wọ́n dá wọn padà sílé láìgba ìwé ẹ̀rí, kò sì sí pátì lẹ́bùúté lọ́jọ́ tí wọ́n dé. Ọ̀rọ̀ náà ká ìjọba lára. Lámbò yẹ ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tó wà ní Britain wò, ó sì kọ ìròyìn nípa ìgbé ayé àti ìlera wọn. Òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ rí. Kò sẹ́ni tó nílò láti júwe òtútù Birmingham fún un.

Àwọn tí kò kúrò nílé ńkọ́? Ní 1957, dókítà ará Canada kan, Raymond Prince, wá bá wọn ṣiṣẹ́ ní Aró. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń tọ̀ ọ́ wá, ẹjọ́ wọn sì jọra. Orí ń gbóná. Nǹkan ń rìn lórí tàbí lọ́rùn. Ojú ń ṣú bí wọ́n bá ti ṣí ìwé. Ohun tí wọ́n kà kò yé wọn mọ́, èyí tó yé wọn náà kò dúró. Ó ń rẹ̀ wọ́n láìṣe iṣẹ́ kankan. Àwọn ọmọ fúnra wọn ń pè é ní brain fag. Orúkọ yẹn ni Prince lò nígbà tó tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1960, gbogbo àgbáyé sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa orí ọmọ Nàìjíríà tó ń gbóná.

Nígbà tí mo kà á, mo gbé ìwé náà sílẹ̀. Ọmọ tó sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni mo rí níbẹ̀, bí ẹni pé wọ́n ya fọ́tò rẹ̀.

Kí ló ń fà á? Prince rò pé irú ìwé kíkà tí Òyìnbó gbé wá ni, èyí tí èèyàn ń dá nìkan jókòó tì, tó yàtọ̀ sí bí a ti ń jọ ṣe nǹkan nílé. Ó tún tọ́ka sí ẹrù tí ẹbí ń gbé lé ẹni kan ṣoṣo tó rí ilé-ìwé lọ lórí. Àwọn dókítà tiwa tó tẹ̀lé e tún fi kún un. Wọ́n rí i pé àìsùn wà níbẹ̀, oògùn tí àwọn ọmọ ń lò kí oorun má baà kùn wọ́n náà wà níbẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin èèyàn mi. Ta ni nínú wa tí kò ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì rí kó lè kàwé mọ́jú? Ta ni kò mọ ibi tí wọ́n ti ń ta kóró oògùn yẹn lẹ́yìn fẹ́ǹsì?

ṢÉ ÀRÙN TIWA NÌKAN NI?

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fetí sí jù nìyí. Fún ìgbà pípẹ́, wọ́n sọ ọ́ bí ẹni pé brain fag jẹ́ àrùn ọmọ Nàìjíríà. Ní 1994, ìwé tí àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà fi ń pín àrùn sọ́tọ̀ kà á mọ́ àwọn àìsàn tó jẹ́ ti àṣà àwọn èèyàn kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ wa tó jẹ́ dókítà wá inú àwọn ìwé àtijọ́, wọ́n bá orúkọ yìí gan-an ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé kí Prince tó dé Aró. Àwọn akọ̀wé wọn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn, àwọn tíṣà wọn, gbogbo wọn ní in. Wọ́n gbàgbé orúkọ náà nílé, wọ́n wá bá a lára wa, wọ́n ní tiwa ni! Nínú ìwé tí àwọn ará Amẹ́ríkà tún ṣe ní 2013, wọn kò tò ó síbẹ̀ mọ́.

Lámbò ti rí ọ̀nà yìí tipẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, òun àti Alexander Leighton láti Yunifásítì Cornell kó ikọ̀ jọ, wọ́n wọ inú Abẹ́òkúta àti àwọn abúlé tó wà láyìíká rẹ̀, wọ́n bi àwọn èèyàn nípa ìlera ọkàn wọn, wọ́n sì fi wé ohun tí Leighton ti rí ní agbègbè kan ní Canada. Ìwé tó jáde ní 1963 fi hàn pé irú àìsàn tó wà lọ́hùn-ún wà níbí. Ìbànújẹ́ tí Carothers ní kò wọ́pọ̀, wọ́n bá a láàrin wa dáadáa. Ohun kan ló yàtọ̀: Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Àmọ́ bí ẹ bá tò ó lọ́kọ̀ọ̀kan, àìrí oorun sùn, àìlèjẹun, ẹkún, ọkàn tó wúwo, gbogbo wọn ni àwọn èèyàn mọ̀.

Àìsí orúkọ fún un ni kò jẹ́ ká tètè mọ̀ ọ́n. Ọmọ Òyìnbó lè sọ pé ìbànújẹ́ ń bá òun. Ọmọ tiwa á sọ pé orí ni. Ẹ sì mọ ohun tí orí jẹ́ fún Yorùbá: òun la fi ń rìn, òun la yàn wá sáyé. Bí ọmọ bá sọ pé orí òun kò gba ìwé mọ́, ẹ̀rù tó ń bà á ju ìdánwò lọ. Ó ń bẹ̀rù pé kádàrá òun ni kò gbà. Ta ló lè dá irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ gbé?

IGI TÓ WÓ LỌ́GBÀ RẸ̀

Mi ò ní sọ ìtàn yìí bíi ti ẹni mímọ́. Ní 1963 Lámbò di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn, ní 1968 ó di igbákejì ọ̀gá àgbà yunifásítì náà, tí àwọn ọmọ máa ń pè ní VC. Ọwọ́ rẹ̀ ni ìlera àti ìgbé ayé ẹgbẹẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ wà. Ní ọjọ́ kìíní, oṣù Kejì, ọdún 1971, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ìfẹ̀hónúhàn lórí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ láti ìdí oúnjẹ. Ọlọ́pàá wọ ọgbà, wọ́n yìnbọn. Ìbọn bá akẹ́kọ̀ọ́ kan, Kúnlé Adépéjú, ó sì kú. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìbàdàn lọ́dún yẹn kò nílò kí n sọ ọ́ fún yín. Títí dòní ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń rántí orúkọ rẹ̀.

Ẹni tó mọ̀ ju gbogbo wa lọ pé akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ dá nìkan gbé ẹrù, lábẹ́ rẹ̀ ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀. Lọ́dún yẹn gan-an ló fi Ìbàdàn sílẹ̀. Mo sọ ọ́ kí á lè mọ̀ pé ìmọ̀ nìkan kò tó. Èèyàn lè mọ bí wọ́n ṣe ń wo ọgbẹ́ sàn kí ọgbẹ́ sì ṣẹ̀ nínú ilé rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá àgbà ilé-ìwé tó wà láàrin wa, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dúró lọ́kàn yín.

Geneva ló gbà lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé, àjọ kan náà tó tẹ ìwé Carothers jáde, fi í ṣe ọ̀kan lára àwọn olórí wọn ní 1971. Láti 1973 títí di 1988, òun ni igbákejì olórí àgbà fún àjọ náà. Ẹ ò rí i bí ayé ṣe ń yí? Àjọ náà ṣe ìwádìí ńlá kan lórí ẹ̀yà wèrè tó le jù, ní ìlú mẹ́sàn-án káàkiri ayé. Ìbàdàn wà lára wọn, pẹ̀lú Lọ́ńdọ̀nù, Moscow, Washington àti àwọn mìíràn. Nígbà tí wọ́n padà lọ wo àwọn aláìsàn lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àwọn ti Ìbàdàn àti ti Agra ní India ti bọ̀ sípò ju ti ọ̀pọ̀ ìlú olówó lọ. Àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn lórí ohun tó fà á. Àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn ń tọ́ka sí ẹbí tí kò jẹ́ kí ẹni wọn dá wà. Ìyá tó bá ọmọ rẹ̀ wá sí Aró pẹ̀lú ìkòkò ọbẹ̀ kò mọ̀ pé nǹkan ńlá lòun ń ṣe.

Lámbò kú ní ọjọ́ 13, oṣù Kẹta, ọdún 2004, nígbà tó ku díẹ̀ kó pé ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Òfin tí ìjọba fi ń mú ọ̀rọ̀ àwọn alárùn ọpọlọ ní Nàìjíríà nígbà tó kú, òfin 1958 ni, tó ṣì ń pè wọ́n ní wèrè gbangba. Oṣù Kìíní ọdún 2023 ni ààrẹ tó fọwọ́ sí òfin tuntun tó fún wọn ní ẹ̀tọ́. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n ó dé.

Ẹ̀YIN ỌMỌ ILÉ-ÌWÉ WA

Kí la máa wá fi ìtàn yìí ṣe? Àwọn ọmọ wa wà ní yunifásítì báyìí, níbí àti lókè òkun. Àwọn ọmọ-ọmọ wa ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹrù tí a gbé lé wọn lórí kò fúyẹ́ ju tiwa lọ: owó ilé-ìwé tí a yá, orúkọ ẹbí, ìdánwò tí gbogbo ilé ń gbààwẹ̀ lé lórí. Bí ọmọ bá pè yín lórí fóònù tó ní orí òun ń gbóná, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ ìwàásù. Ẹ má sọ fún un pé ẹ̀yin rìn ní ẹsẹ̀ lásán lọ sí ilé-ìwé. Ẹ béèrè bó ṣe sùn, bó ṣe jẹun, ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ó bá ju agbára yín lọ, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ sì bá a lọ. Ẹ má rán an. Ẹ bá a lọ ni. Ìyẹn ni gbogbo ẹ̀kọ́ Aró.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ ti ṣe fún wa. Ẹ sọ fún àwọn tó gba ọ̀pá lọ́wọ́ yín pé ọmọ tó mọ̀wé tẹ́lẹ̀ tí kò lè ka ojú ewé kan mọ́ kò di ọ̀lẹ lóru ọjọ́ kan.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Lọ́dún tó kọjá, mo wá ọ̀rẹ́ mi yẹn lọ. Ó gbà mí ní oṣù mẹ́ta kí n tó rí ẹni tó mọ ilé rẹ̀. Ara rẹ̀ ti yá tipẹ́, ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ mẹ́rin, ó ń ta pákó. Mo ti múra pé mo máa tọrọ àforíjì nítorí orúkọ tí mo fi pè é. Mo sì tọrọ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò rántí orúkọ náà mọ́, bẹ́ẹ̀ ojú rẹ̀ sọ fún mi pé ó rántí. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè yín, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí tíṣà ṣe ń ka orúkọ nínú rẹ́jísítà. Kò gbàgbé ẹyọ kan. Ó mọ ẹni tó jókòó síwájú àti ẹni tó jókòó sẹ́yìn. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, kò sí ìgbà kan tí a fi lẹ́tà ìpàdé ránṣẹ́ sí i, nítorí kò parí pẹ̀lú wa.

Mo bẹ ẹgbẹ́ wa. Kí ọdún tó ń bọ̀ tó dé, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa mú orúkọ kan nínú àwọn tí a kò gbúròó mọ́, kó wá a kàn. Bó bá parí, bí kò parí, ọmọ ilé-ìwé wa ni. Ọ̀rẹ́ mi ti ní òun máa wá, bí ẹnì kan bá lè bá òun wọlé. Mo ti sọ fún un pé èmi ni màá bá a wọlé.